Ilé Tí Wọ́n Ní Agbára Ọmọ Mi Kò Ká

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkòròdú, inú yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́fà ń gbé. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́lé, onípákó gbé pákó fún un láwìn. Ìbéèrè kan péré ló bi àwọn aládùúgbò wa: ṣé ọkùnrin yìí máa ń san gbèsè? Wọ́n ní ó ń san. Èmi náà ru nínú omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì, títí ọrùn fi ń dùn mí. Kí òjò ọdún kejì tó dé, a ti kó wọlé.

Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi. Nọ́ọ̀sì ni, ejẹ́ńsì tó ń wá iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì ló ń rán an lọ sí ọsibítù, iye ọjọ́ tó bá ṣe ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń san owó ilé, kò fi falẹ̀ rí. Onílé fowó kún un títí, ó ń san án.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà fẹ́ ta ilé rẹ̀ tó kọjú sí tiwa, kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Manchester, torí kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, “Mummy, ọmọ yín ló wù mí kó rà á.” Ọmọ mi sì ti tọ́jú owó àsansílẹ̀ tí báǹkì máa ń béèrè.

Mo tẹ̀lé ọmọ mi lọ sí báǹkì ní Woolwich. Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní owó tó ń wọlé fún ọmọ mi kì í dọ́gba lóṣooṣù, bí èlé bá sì lọ sókè, agbára rẹ̀ kò ní ká mọ́géèjì, ìyẹn owó tí báǹkì ń yáni láti fi ra ilé.

Mo ní, “Ohun tí ẹ máa gbà lóṣù kò tó èyí tó ń san fún onílé.”

“Auntie, òfin ni. Owó ilé tó ti ń san kò sí lára ohun tí a ń wò.”

A rìn lọ sí ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti ní, “Mummy, mo ti taya.”

Àwọn méjì mìíràn tún fẹ́ ra ilé náà, báǹkì dá àwọn náà padà. Ó lé lọ́dún kan tí bàbá náà ń dúró. Wọ́n á máa sọ lórí rédíò pé ọjà ilé ti kú, bí ẹni pé wọn kò mọ ẹni tó pa á. Báǹkì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ rà, ta ni yóò wá rà?

Níkẹyìn, bàbá náà tà á lówó pọ́ọ́kú fún iléeṣẹ́ kan tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni yá a lówó. Wọ́n kùn ún, wọ́n fi háyà. Oṣù kejì, onílé wa ní kí a kó jáde, kò sọ ìdí. A wá ibòmíràn dé Abbey Wood tó wà nítòsí, a kò rí. Ilé bàbá yẹn náà la padà háyà, owó tí ọmọ mi sì ń san níbẹ̀ ju èyí tí báǹkì ní kò ní lè san.

Mo mọ̀ pé gbèsè ti ba ilé ọ̀pọ̀ jẹ́, òfin sì dára. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tiwa, ìwà ẹni ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yáni lówó. Lónìí, ọmọ mi hu ìwà náà fún ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó rí i. Báǹkì ní òfin náà ń dáàbò bò ó. Lọ́wọ́ ta ni?