Uncle Bíyìí àti Orin Ará Rọ́ṣíà

Ọjọ́ ìkórè ọdún 2013 ni Uncle Bíyìí wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich, níbí ní ìlú Òyìnbó, láìwọ bàtà, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, nínú òtútù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ ìtàn yìí.

Òun ni ọ̀gá akọrin ìjọ Aládùúrà wa. Láàárọ̀, á máa fọ ilẹ̀ ilé àwọn olówó ní Royal Arsenal. Nírọ̀lẹ́, á di ọ̀gá olórin. Ó fi ọdún kan gbáko ṣe orin kan nípa Jónà nínú ẹja, ohùn mẹ́rin, ó sì kọ́ wa títí orin náà fi ń wọ inú àlá wa. Lọ́jọ́ ìkórè, ibi iṣẹ́ alẹ́ ni Michael tó ń tẹ dùùrù ti dé tààrà. Orin ò tíì dé ìdajì tó fi sùn lọ, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ tẹ dùùrù mọ́lẹ̀. Àwọn olóhùn òkè sáré síwájú, àwọn tẹ́nọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Shepherd ìjọ wa sì rò pé orin ti parí. Wọ́n kígbe, "Halleluyah!" Ìjọ dáhùn. Jónà ò sì tíì jáde nínú ẹja.

Bí Uncle Bíyìí ṣe bọ́ síta nìyẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní, "You all right, mate?"

Ó ní, "I am not all right. Drive."

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ ìtàn ará Rọ́ṣíà kan lórí rédíò, kò sì jẹ́ ká sinmi mọ́. Rachmaninov lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lu símfónì àkọ́kọ́ rẹ̀, orin ńlá tí ọ̀pọ̀ olórin ń lù pọ̀, ní Petersburg, lọ́dún 1897. Wọ́n lù ú bàjẹ́. Àwọn kan ní ẹni tó darí orin ti mutí yó. Ọmọkùnrin náà sá sórí àtẹ̀gùn, ó di etí méjèèjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ orin kankan fún ọdún mẹ́ta.

"Ẹnì kan tún kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé orin náà dà bí ìyọnu Íjíbítì," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, Mummy Mọ́wùnmí, nígbà tí wọ́n ń rajà ní Thamesmead Town Centre.

"Ìyọnu wo, Daddy? Ti eéṣú àbí ti ọ̀pọ̀lọ́?"

"Mọ́wùnmí, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́. Ẹ bá mi mú tòmátò yẹn. Èwo wá ni tiwa?"

Ó ronú títí. "Òkùnkùn," ló wí.

Ó gba gbogbo ìwé orin Jónà lọ́wọ́ wa, ó fà wọ́n ya, ó dà wọ́n sínú adágún Birchmere Park. Òyìnbó àgbà kan, Kenneth, ń pẹja níbẹ̀. Ó pariwo, "Oi! You can't chuck that in there!" Uncle Bíyìí jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ará Rọ́ṣíà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, Kenneth ti ń fi àwọ̀n bá a kó ìwé jáde. Ṣùgbọ́n omi ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ọdọọdún ni Keziah, ọmọ tí wọ́n bí síbí, ń bẹ̀ ẹ́. "Uncle, jẹ́ ká kọ ọ́ again now. Please."

"Ó di ẹ̀yìn ikú mi. Ará Rọ́ṣíà yẹn kú lọ́dún 1943, kò gbọ́ orin ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọdún méjì ni wọ́n tó lù ú padà. Wọ́n rí ìwé olórin kọ̀ọ̀kan ní library ní Leningrad, wọ́n wá tò ó pọ̀."

"That's so sad, Uncle."

"Ó sad. Ṣùgbọ́n wọ́n lù ú."

Alágídí ni. Ó máa ń dùn mí, torí gbogbo wa la mọ̀ pé kò sóhun tó wù ú láyé tó kó gbọ́ Jónà délẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

Òtútù oṣù kìíní ọdún 2018 ló mú un lọ. Mummy Mọ́wùnmí ní àfi ká kọ Jónà níbi ìsìnkú. Kò síwèé. Keziah rántí ohùn òkè, àwọn yòókù rántí áátò àti tẹ́nọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, torí Uncle Bíyìí fúnra ẹ̀ nìkan ló ń kọ ọ́. A ní a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Michael gba ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́ kó lè sùn.

A kọ ọ́ dé ibi tí Jónà ti ń gbàdúrà nínú ẹja. Ibẹ̀ ni ohùn mẹ́ta ti ń dákẹ́, tí ohùn ìsàlẹ̀ á dá nìkan kọrin. A ti gbàgbé. Gbogbo wa dákẹ́, a ń wo pósí. Shepherd ti fẹ́ la ẹnu, Keziah wò wọ́n, wọ́n pa á dé.

Ni Mummy Mọ́wùnmí, tí kò ṣe akọrin rí láyé ẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohùn ẹ̀ ò dáa rárá. Ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohùn ò lọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò ṣi ibì kankan. Ó kọ ọ́ tán, a wọlé tẹ̀ lé e, Jónà sì gúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Keziah dì mọ́ ọn. "Mummy, where did you learn it?"

"Ṣé ẹ rò pé Daddy jáwọ́ ni? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní bathroom. Tí mo bá ti kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní eyín làwọn ń fọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. "Ọdún mẹ́rin, Keziah. Eyín wo ni wọ́n ń fọ̀?"