Ọjọ́ Tí Dókítà Eyín Yin Àbúrò Mi
Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, tí Màmá wa mú èmi àti àbúrò mi, Dọlápọ̀, láti Ìdóàní lọ rí dókítà eyín ní Ọ̀wọ̀.

Dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹnu Dọlápọ̀ wò. "Eyín rẹ mà funfun báláú o!" Wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tuntun. Mo ṣíjú kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì náà.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní súìtì ti ba eyín mi kan jẹ́, àfi kí àwọn yọ ọ́. Mo ké tantan. Dọlápọ̀ di ọwọ́ mi mú, síbẹ̀ ìlara tí mo ń ṣe sí i ń ta mí ju abẹ́rẹ́ tí dókítà gún mi lọ.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Dọlápọ̀ ń rún eegun adìyẹ, èmi ń mu ògì.

Láti ìgbà náà, mo ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá rò pé ẹ̀rù dókítà ló ń bà mí. Rárá o. Mo fẹ́ kí wọ́n yin èmi náà níṣojú Dọlápọ̀ ni.