Èkó Ní Ó Ti Kú, Kútọnù Ní Kó San Owó Orí

Omi ọ̀sà gbé Mùílíù Adélékan lọ ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá. Àwọn apẹja Sẹ̀mẹ̀ ló rí òkú rẹ̀ nínú koríko etí omi, àwọn náà ló sì sin ín, nítorí ẹ̀rù ba àwa aládùúgbò rẹ̀ láti lọ gbé e wálé. Ẹ̀rù òkú kọ́ ló bà wá. Gáàdì kọmáńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, là ń bẹ̀rù.

Ẹ̀rù ń ba èmi tí mò ń kọ ọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Èkó lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bú òyìnbó Faransé ní Kútọnù níhìn-ín lè wọ àtìmọ́lé láìfojú kan adájọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Káfíńtà ni Mùílíù. Èkó ló ti lo agbára rẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wá jókòó ti Safurat ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kútọnù, tó ń ta ọṣẹ. Ọkùnrin náà kì í rí àga tó ń mì kó fi í sílẹ̀. Bó bá wá kí ọ, kó o tó bu omi dé, ó ti dojú àga rẹ dé, ó ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlejò tí kì í jókòó ni.

Kí ló wá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àṣà kan wà níhìn-ín lásìkò owó orí. Bí gáàdì bá dé tí owó kò sí, ọkùnrin á gba ẹ̀yìn ilé, obìnrin á ní baálé òun ti rìnrìn àjò. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe tipátipá ló ń lọ, pẹ̀lú ẹgba lẹ́yìn. Ní ọdún tó kọjá, owó ìfẹ̀yìntì Mùílíù pẹ́ kó tó dé láti Èkó. Bí gáàdì ṣe yọ, jìnnìjìnnì bo Safurat, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ní, "Baálé mi ti kú."

Gáàdì rẹ́rìn-ín, kò gbà á gbọ́. Èkó ló gbà á gbọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn oníṣòwò tó wà nínú àgbàlá lọ́jọ́ náà gbé ìròyìn ikú wọ ọkọ̀. Kí a tó mọ̀, àwọn tó bá Mùílíù ṣiṣẹ́ rí ti pe ààfáà jọ ní Èkó, wọ́n ti ṣe fìdáù fún un, wọ́n ti pín sàárà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò jẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń san owó ìfẹ̀yìntì gbọ́, ó sì dá owó náà dúró láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tí wọ́n ń yọ owó yẹn lára rẹ̀, ṣé àgbọ́sọ ni wọ́n fi ń yọ ọ́?

Wọ́n ránṣẹ́ pé bó bá wà láàyè, kó wá fi ara rẹ̀ hàn. Ó lọ tọrọ ìwé ìrìnnà lọ́dọ̀ kọmáńdà. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ san owó orí. Ó ní owó tí òun yóò fi san án wà ní Èkó. Wọ́n ní ìyẹn kò kan àwọn. Ọgbọ́n òyìnbó mà pọ̀ o. Òkú ni lọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó sanwó fún un, alààyè ni lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kí mi kó tó bọ́ sọ́nà láìgbàwé. Ó jókòó lọ́jọ́ náà, kò wo ẹsẹ̀ àga. "Bàbá Oyèníkẹ́, àyà mi ń já," ló wí. "Bí mo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n ní èmi kọ́ ńkọ́?" Ọlọ́kọ̀ tó gbé e sọ fún wa pé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, gáàdì kan pariwo láti etí omi pé kí wọ́n dúró. Ọkọ̀ kò tíì dúró tí Mùílíù fi bẹ́ sómi. Ọdún gbogbo ló fi tún ọkọ̀ ṣe, kò sì mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Lánàá, gáàdì padà wá. Mo wà níbẹ̀. Safurat jáde nínú aṣọ ọ̀fọ̀ kan náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ti kú." Gáàdì ní, "Ìyá, ẹ ti sọ ìyẹn fún mi léṣìí." Ó ní bí owó kò bá sí títí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò mú obìnrin náà gan-an lọ. Nígbà tó lọ tán, Safurat di ọwọ́ mi mú. "Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní òkú," ló wí. "Ṣé ẹnu mi ló pa á?"

Rárá o, Safurat. Ìbẹ̀rù ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ lẹ́nu, àwọn tó gbin ìbẹ̀rù náà ni kó wá jẹ́jọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Èkó, ta ló sọ fún ọ pé ó kú, kí ló sì dé tí o kò wádìí? Owó tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, opó rẹ̀ ló ni ín, ẹ fún un. Kọmáńdà, pa orúkọ Mùílíù rẹ́ láàárín àwọn tó ń san owó orí, kí o sì sọ fún wa ẹni tó pàṣẹ pé kí a máa lé arúgbó sómi. Bí gáàdì bá sì tún mú obìnrin yìí lọ ní Jímọ̀, kí ẹnì kan nínú yín jáde síta, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ pé òun ló rán an.