Ìborùn Tó Di Àyè Mú Nínú Ọkọ̀ Òkè-Oyì

Bí mo bá gbóòórùn tùràrí lára ìborùn, inú ọkọ̀ Òkè-Oyì ni ọkàn mi ń lọ. Ìyá àgbà tẹ́ ìborùn wọn sórí àga, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àyè náà, wọ́n lọ kírun alásàrì. Ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó lé e.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá àgbà mi ló nibẹ̀. Wọ́n ń kírun ni.”

“Ìborùn kì í wọkọ̀.”

Dẹ́rẹ́bà ò dá sí i. Nígbà tí Ìyá àgbà dé, wọ́n rọra fa ìborùn yọ lábẹ́ ìdí ọkùnrin náà, wọ́n lọ jókòó sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, wọ́n fọwọ́ di ikùn mú. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé dókítà tí a ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, kò sóògùn mọ́.

Lọ́jọ́ náà, èmi rò pé ooru ni. Mo ṣáà ń fi ìborùn náà fẹ́ wọn.