Kápúsù Màmá Mi

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n kọ fún mi lọ́síbítù. Mo ti ń wẹ̀, mo ti ń jẹun, mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Yábàá. Inú mi kì í dùn mọ́, kì í sì í bàjẹ́. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́.

Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsíbítù yẹn sétí. Kápúsù ewé ni wọ́n ń tà fáwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àsàlátù, ẹgbẹ́ àdúrà wọn ní Mushin. Wọ́n gbé ìgò kan fún mi: méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Mo lò ó mọ́ ti ọsíbítù. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí, tọ́wọ́ mi ń gbọ̀n. Dókítà ka ara ìgò náà, ó ní èyí àti oògùn òun ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara èèyàn.

Ta ló fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún màmá mi? Wọ́n sì máa ń wá wo ìgò náà bóyá ó ń dín kù. Mo bá ń da mẹ́rin sílé ìgbẹ́ lójúmọ́, mo ń fi omi lé e.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, màmá mi mú mi lọ sí àsàlátù, wọ́n fi mí han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. "Ọmọ mi tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rèé! Kápúsù mi ló lò." Gbogbo wọn ní Alihamudulilahi.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan sún mọ́ mi. Ó ní wọ́n kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fóun náà lọ́síbítù lẹ́yìn tóun bímọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kúkú fi sílẹ̀, kí n máa lo ti Àlàájà màmá yín?"

Màmá mi ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Má fi sílẹ̀ o," mo ní. "Ti ọsíbítù ló gbé mi dìde. Ilé ìgbẹ́ ni mò ń da ti màmá mi sí."

Màmá mi gbé báàgì wọn, a kọrí sílé. Bí wọ́n ṣe jókòó ni wọ́n bú sẹ́kún.

"O wá ń wò mí níran, kí n máa purọ́ níwájú Ọlọ́run?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n nu ojú, wọ́n wo tèmi.

"Ṣé kò tiẹ̀ dùn ẹ́ ni?"

"Ó yẹ kó dùn mí, Màámi. Mò ń retí ẹ̀."