Hẹn Tí Etí Mi Ṣe

N kò fẹ́ lọ. Mọ́gàjí agboolé wa ló ní dandan ni kí n lọ, nítorí pé mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi rí kí n tó fẹ̀yìntì. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti jókòó ní ọ́fíìsì rí lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn kan fẹ́ la títì gba àárín agboolé wa ní Bẹyẹrunka, ilé tí a sin bàbá mi sí, wọ́n sì ń sọ kiri pé a ti gbà kí wọ́n wó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Mọ́gàjí rán mi lọ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n: a kò gbà.

Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló wò mí dàgbà. Ìyá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, ojú wọn sì ti fọ́ kí n tó gbọ́njú. Bí Ìyá bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, tí o kò ṣe "hẹn" lóòrèkóòrè, wọ́n á rò pé o ti jáde, wọ́n á sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Hẹn kò túmọ̀ sí pé mo gbà. Ó túmọ̀ sí pé mo wà níbí, ẹ máa wí.

Ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan fi máìkì kékeré há mi lọ́rùn bùbá, ó ti wáyà rẹ̀ gba abẹ́ aṣọ mi dé ìdí ṣòkòtò. Bí mo bá dìde, gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti so mí mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá. Atọ́kùn ètò náà kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló sì tàn mí jẹ. Bí wọ́n ṣe tan kámẹ́rà báyìí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ kí Ìbàdàn tẹ̀ síwájú, àbí irọ́ ni mo pa, sà?"

Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá àwọn ọmọ, bẹ́ ẹ bá lè bínú níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti jẹ̀bi o." Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo ń ka tẹ̀súbà. Mo ní irọ́ ni, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó pè wá ní ọ̀lẹ, ó pè wá ní ará oko. N kò bínú. Ìgbà tó rí i pé n kò bínú ló wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ ìtàn fún mi.

"Mọ́gàjí yín ti bá àwọn tó fẹ́ la títì jókòó, sà."

"Hẹn."

"Wọ́n ti jọ sọ ọ́, wọ́n tún un sọ."

"Hẹn."

"Wọ́n sì ti gbà pé kí wọ́n wó ilé náà."

"Hẹn."

Ó kọjú sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ ti gbọ́ fúnra yín. Bàbá ní hẹn."

Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní òpùrọ́ ló ń pariwo. Bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà nìyẹn. Mo di tẹ̀súbà mú títí ó fi wọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní, "Hẹn tí ẹ gbọ́ yẹn, etí mi ló ṣe é, ẹnu mi kọ́. A kò gbà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àkókò ti lọ.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà ní Bẹẹrẹ, hẹn mi ti ṣáájú mi délé. Wọ́n ti gé e sórí fóònù, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ etí kúrò níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Bàbá Hẹn!" Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, tèmi kò tilẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Mọ́gàjí kò dáhùn ìkíni mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Ìyá nìkan ló pè mí wọlé. Aládùúgbò kan ti gbé fóònù sí wọn létí.

"Mo gbọ́ hẹn rẹ," Ìyá ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe hẹn ẹni tó gbà."

Omi bọ́ lójú mi. Ìyá kò rí i.

"Ṣùgbọ́n wọ́n á wó ilé yìí," Ìyá ní. "Tí wọ́n bá dé, má gbé mi lọ síbì kankan o. Ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi ni kí o tẹ́ mi sí." Bàbá mi ni àbúrò yẹn, abẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ ló wà. "Ṣé ò ń gbọ́?"

Bí mo bá ṣe hẹn, mo ti gbà pé wọ́n á wó o. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìyá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń wá mi kiri.

"Ṣé o ti jáde ni?"

Iwájú wọn gan-an ni mo wà, n kò sì lè ṣe hẹn.