Àkàsà mi ni wọ́n fi yọ púlì

Ẹ gbà mí o, baba ọkọ mi fi àkàsà, ẹ̀kọ tí mo fẹ́ jẹ lọ́sàn-án, tún ẹ́ńjìnnì ṣe!

Púlì, irin róbótó tó ń gbé bẹ́líìtì quad wa, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tá a fi ń kó ẹyìn láti oko wa ní Lagbé, ló lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì típẹ́típẹ́. Láti àárọ̀ lọkọ mi ti ń fà á kó lè yọ ká tún un ṣe, tó ń lù ú. Kò mì. Ẹyìn sì ti ń rà lóko.

Baba tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá pè mí:

"Ìyàwó, gbé àkàsà yẹn wá."

Mo rò pé ebi ń pa wọ́n. Mo tiẹ̀ gbé ẹja díndín kún un!

Baba ò wo ẹja. Wọ́n ń ki àkàsà bọ ihò àárín púlì bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ.

"Ṣùgbọ́n Baba, oúnjẹ mi nìyẹn!"

"Nígbà Révolution, láyé ìjọba ológun, kò sí gíríìsì, kò sí irinṣẹ́. Àkàsà wà."

Wọ́n wé ọ̀rá mọ́ bóòtù irin kan, wọ́n ní kí ọkọ mi máa yí i wọnú ihò náà. Bóòtù ń wọlé, àkàsà ò ríbi sá gbà. Gbàà! Púlì fò jáde.

Èmi gan-an gbàgbé ìbínú, mo jó.

Baba fọwọ́, wọ́n fa ẹja sọ́dọ̀, wọ́n wo inú abọ́:

"Ìyàwó, àkàsà wo la ó wá fi jẹ ẹ́?"

Ojú ọ̀nà ni mo wà báyìí, mò ń lọ ra òmíràn. Púlì kan ṣì kù lára quad yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àkàsà mélòó ni kí n rà?